Koríko Igbó Òtútù Lórí Atẹ Ilá

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwọn igi kan máa ń fọ́nnu. Bàbá mi ló ni ìtàn náà. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Òórùn ilá tó ń gbẹ nínú oòrùn ni mo fi ń rántí àárọ̀ Sátidé. Àdúgbò Third Ward la ń gbé, ní àjà kejì, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọrúnlá tí wọ́n ń tà ní Houston nígbà yẹn kò tẹ́ ìyá mi lọ́rùn, nítorí náà wọ́n á gé ilá wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a sórí atẹ ní bákónì. Àwọn aládùúgbò rò pé ẹyẹ la ń bọ́. Ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu ìyá mi: "Ohun tí a kò bá sá, á bu." Ẹja, ẹ̀wà, bàtà tí òjò pa, kò sí èyí tí kò dé bákónì yẹn rí.

Iṣẹ́ bàbá mi yàtọ̀. Wọ́n ń kàwé ní yunifásítì, wọ́n sì ti lọ sí àríwá Kánádà, sínú igbó òtútù, wọ́n kó àpò méjìlá koríko múlọ́múlọ́ bọ̀, irú èyí tó ń bo ilẹ̀ ibẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́búlẹ́bú tó ń jábọ́ lára òdòdó igi á há sínú koríko náà. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ jáde, tí wọ́n kà á lábẹ́ maikirosikóòpù, wọ́n á mọ irú igi tó yí ibẹ̀ ká. Wọ́n ti kọ iye igi tí wọ́n fojú rí níbi kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ti ojú àti ti lẹ́búlẹ́bú bára mu.

"Igi páìnì ni kí o ṣọ́ra fún," ni wọ́n máa ń wí. "Aláriwo ni. Ẹ̀rún rẹ̀ á fò dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Àwọn igi mìíràn kún ibẹ̀ bámúbámú, o kò ní gbúròó wọn."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹta, wọ́n gbé àpò keje wálé láti ṣa òkúta inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n jáde, mo fọwọ́ kan koríko náà, ó tutù. Mo ní á bu. Ìyá mi ti tọ́ mi dáadáa. Mo tú u sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilá lórí atẹ, mo bá eré lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Houston, ẹ mọ ohun tí oṣù Kẹta ń ṣe. Igi páìnì á da lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀, mọ́tò funfun á di aláwọ̀ gàrí tí wọ́n fepo sí. Nígbà tí mo padà dé, ilá ti kun àtíkè. Mo gbọn koríko tèmi, mo dì í padà bó ṣe wà, kí ìyá mi tó jáde wá máa ráhùn lórí ilá tiwọn. Inú mi dùn. Mo ti ṣe ọmọ gidi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ayọ̀ súfèé. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, nídìí oúnjẹ, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù: ibi tí wọ́n ti kó àpò keje, páìnì kan ṣoṣo kò sí nítòsí, síbẹ̀ lẹ́búlẹ́bú páìnì ló pọ̀ ju ti gbogbo igi yòókù lọ. Ariwo páìnì ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn á gbé e síwájú ọ̀jọ̀gbọ́n àwọn àti gbogbo kíláàsì.

"Ẹ jẹun ná, Bàbá Páìnì," ni ìyá mi wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi, mo gbé òkèlè mi kalẹ̀; mo ti rántí atẹ ilá.

Bí mo bá dákẹ́, bàbá mi á dúró níwájú àwọn èèyàn yẹn, wọ́n á máa fi lẹ́búlẹ́bú Houston júwe igbó Kánádà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, súfèé á dákẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá mi ti wọ jákẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀sì kù díẹ̀ kó dé. Mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, sà. Mo sá koríko yín."

"O ṣe kí ni?"

"Mo sá a pẹ̀lú ilá, kó má baà bu."

Wọ́n wo bákónì. Wọ́n wo àwọn mọ́tò ìsàlẹ̀, bí àtíkè ṣe bò wọ́n. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn wọ̀ọ̀. Ìyá mi ti gbọ́wọ́ sókè fún etí mi, àmọ́ bàbá mi dá wọn dúró, ẹ̀rín sì gbé wọn débi pé bọ́ọ̀sì fi wọ́n sílẹ̀.

"Ìyá Àkànní, ibi tó yí i ká ni koríko sọ fún mi. Èmi ni mi ò béèrè ibi tó sùn sí."

Wọ́n fa igi lé àpò keje nínú ìwé wọn, wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò ní parọ́ fún yín, súfèé náà sinmi fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Àpò mọ́kànlá tó kù ni wọ́n fi gboyè.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, iṣẹ́ ẹnjiníà ni mò ń ṣe, Rosenberg, nítòsí Houston, ni mò ń gbé. Láìpẹ́ yìí, mo rí àṣìṣe ara mi nínú iṣẹ́ kan tí ọ̀gá ti yìn mí lé lórí. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń pààrà ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn kí n tó lanu. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, nínú àwa méjèèjì, ta ni kí n pè ní àgbà?