Fìlà Sọ́jà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú mi yìí burú tó bẹ́ẹ̀ ni?

Òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ Faransé yìí náà ń fẹ́ sọ́jà: látìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí bárékè ní Pàràkú. Fìlà rẹ̀ kan ló kù lára ògiri.

Lónìí, mo dé e, mò ń yan ní àgbàlá bí ẹni tó ni ìlú Àjàṣẹ́.

Ràlíátù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré dì mọ́ mi lẹ́yìn.

“Bàbá mi ti dé!”

Mo yíjú. Ọmọ bú sẹ́kún.

“Má bínú, èmi ni. Jẹ́ kí n ṣí fìlà.”

“Rárá, Bàbá kékeré, ẹ má ṣí i! Ẹ ṣáà kọjú sí ògiri.”

Mo kọjú sí ògiri. Ó fara ti ẹ̀yìn mi, ó ń ròyìn eyín rẹ̀ tó ká fún bàbá rẹ̀.

Ọbẹ̀ ti jinná o, mi ò sì gbọdọ̀ yíjú. Ta ni yóò bá mi gbé oúnjẹ wá sídìí ògiri?