Àwọn Tó Kọ̀yìn Sí Wa

Tíṣà kékeré ni mí nígbà náà ní ilé ìwé míṣọ́n kan ní Ìwó. Kékeré lójú ọ̀gá, ńlá lójú ara mi. Nígbà tí ọkọ̀ ìjọba gbé síníma wá, èmi ni ọ̀gá ní kí n máa túmọ̀ èdè òyìnbó inú ẹ̀rọ. Ọ̀sán gangan ni. A fi aṣọ dúdú dí fèrèsé gbọ̀ngàn, a sì ta aṣọ funfun sí àárín.

Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti fẹsẹ̀ rìn wá láti Ilé-Ogbó. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní ilẹ̀ Gọ́ọ̀lù Kóòsì, níwọ̀-oòrùn wa. Èmi ni mo ka lẹ́tà tó kọ kẹ́yìn fún wọn: ó ní òyìnbó kan tó ń ṣe síníma gba òun síṣẹ́ aláàárù, ó sì ya àwòrán òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Látìgbà náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe gbọ́ pé ìtàn ìgbésí ayé òyìnbó yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi hàn wá, èmi tí ẹnu ń yún sáré lọ sọ fún Màmá.

"Ẹ óò rí ojú ọmọ yín kedere," mo ní. Ẹnu mi yìí!

Síníma bẹ̀rẹ̀. A rí òyìnbó náà lórí ẹṣin. A rí i ní kékeré lórí itan ìyá rẹ̀. Ajá rẹ̀ pàápàá, a rí imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Gọ́ọ̀lù Kóòsì dé: àwọn ọkùnrin dúdú tò lọ rẹrẹẹrẹ nínú igbó, àpótí lórí, gbogbo wọn kọ̀yìn sí wa.

"Tíṣà!" Màmá pariwo. "Ní kí wọ́n yíjú!"

"Wọn ò lè yíjú, Màmá. Àwòrán ni."

"Àwòrán tó ń rìn? Ṣebí ajá yíjú!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, kí ni òyìnbó inú ẹ̀rọ ń sọ nípa wọn?"

Mo tẹ́tí. "Ó ní... ọ̀gá tó ń ṣe síníma yẹn nìkan ló la igbó yẹn kọjá."

"Òun nìkan kẹ̀? Ta ló wá ru àpótí?"

Màmá dìde, wọ́n tún ìró ró. "Ẹni tó bá kọ̀yìn síbí, ọ̀hún lojú rẹ̀ wà." Ni wọ́n bá gba ẹ̀yìn aṣọ lọ. Ọ̀rọ̀ náà bá gbogbo wa lára mu. Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sáré tẹ̀lé wọn. Èmi náà sáré, tèmi ti ìwé tí mo kà!

Ẹ̀yìn wọn náà ni a tún bá níbẹ̀. Àwọn tó ń yà sósì lẹ́ẹ̀kan ló wá ń yà sọ́tùn-ún.

Màmá fọwọ́ kan aṣọ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ wọn. Ọmọ wo ni ìyá rẹ̀ máa kì tí kò ní bojú wẹ̀yìn? Ọ̀kan nínú wọn gbọn èjìká. Kò yíjú. Síníma sì parí.

"Tíṣà, ìwọ lo mọ̀wé. Ṣé òun ni?"

Mo sáré lọ bẹ ọlọ́kọ̀ tó gbé síníma wá.

Ọlọ́kọ̀ náà ṣàánú wa, ó tún un fi hàn. Màmá kọ̀, wọn ò kúrò lẹ́yìn aṣọ. Nígbà tí síníma dé inú igbó yẹn, mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ó ní ẹ wo àwọn tó bá ọ̀gá ru ẹrù. Ó ní ọmọ Ilé-Ogbó kan wà nínú wọn."

Títí di òní, n kò mọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, bóyá irọ́ ni, bóyá ìtumọ̀ ni. Ohun tí mo ṣáà gbọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ni Màmá tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó.