Òrùka Imú Gopuli Nínú Ògiri Oyin

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu mi ò tíì pa dé.

Lábúlé wa lórí òkè, ilé òkúta kọ̀ọ̀kan ní ihò oyin nínú ògiri. Ojú rẹ̀ kékeré wà níta. Nínú yàrá, pátákó la fi dí i, a wá fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Oyin ló ń yan ilé tó wù ú. A kì í mú un wá.

Ti Gopuli, aládùúgbò mi, ṣófo fún ọdún mọ́kànlá, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Khim, àbúrò ọkọ rẹ̀, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ìyá Debuki, eṣinṣin gan-an ò fẹ́ bá yín gbé."

Nígbà tí Gopuli ń lọ tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó bímọ lódìkejì odò, ó bẹ̀rù olè. Ó fi òrùka imú rẹ̀, wúrà tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, kọ́ ìṣó inú ihò náà, ó sì rẹ́ pátákó pa. Òrùka yẹn ni Debuki, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, máa fi ṣègbéyàwó. Níbí, ìyàwó tí kò bá wọ òrùka ìyá rẹ̀ yípo iná ìgbéyàwó, ará ilé ọkọ á máa fi bú u títí.

Oṣù méjì ló lò níbẹ̀ pẹ̀lú Debuki. Nígbà tó dé, ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti oko. Mo sáré débẹ̀. Oyin ń wọlé, oyin ń jáde, bí ẹni pé àwọn ló kọ́ ilé.

"Yéè! Ọdún mọ́kànlá! Ìsinsìnyí ni wọ́n wá dé!"

Khim ní, "Ẹ dáná sun wọ́n. Kòkòrò ṣáà ni."

"Dáná sun ara ẹ," ni Gopuli dá a lóhùn.

Ọkùnrin ló ń ṣí ihò oyin lọ́dọ̀ wa. Gopuli ní kí n di àkísà tó ń rú èéfín mú, kí oyin má baà ta wá. Òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀bẹ ha ẹrẹ̀ kúrò, ó yọ pátákó.

Afárá méje! Oyin bò wọ́n dúdú. A ò rí òrùka. Ó ki ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́, ó ń fi ìka ti oyin sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Èmi ń fẹ́ èéfín sí wọn. Ó wá dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó."

Òrùka wà láàárín afárá kẹrin. Wọ́n ti mọ afárá gba inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ oyin ló kún ibẹ̀, ìyá wọn sì ń rìn lórí rẹ̀. Bí a bá gé e, ọmọ á kú, àwọn tó kù á fò lọ.

Gopuli gbé ọ̀bẹ sókè. Ọ̀bẹ ò sọ̀ kalẹ̀.

Debuki sọ láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ìyá, ẹ pa á dé. Màá yá ti ìyàwó Khim wọ̀."

"Wọ́n á máa fi bú ẹ."

"Kí wọ́n máa bú mi. Oyin tí ẹ retí fún ọdún mọ́kànlá, ẹ fẹ́ pa á nítorí imú mi?"

Gopuli pa á dé.

Wọ́n bú Debuki lóòótọ́. Lójú gbogbo èèyàn ni ìyá ọkọ bi í pé, "Ṣé ìyá ẹ ò ní òrùka ni?"

Lẹ́yìn ìgbà òjò, ọmọ oyin ti fò tán nínú afárá kẹrin. Gopuli tún ṣí ihò. Afárá yẹn àti ọ̀kan tó kún fún oyin ló gé, ó fi márùn-ún sílẹ̀ fún wọn. Oyin kan ò ta á. Ó ju òrùka sínú ìkòkò oyin, ó gbé e lọ fún Debuki. Ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Òrùka bá oyin jáde. Igbe tí obìnrin yẹn ké, wọ́n ní odò gbọ́ ọ.

Gopuli ló ń ṣí ihò gbogbo ilé wa báyìí. Lọ́dún yìí, oyin wọ ti Khim. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dorí kodò. "Ìyá Debuki, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i."

Gopuli wò ó. "Kí lo tọ́jú síbẹ̀?"