Ampilifáyà Méjì ní Pálọ̀ Bàbá Wa

Bàbá wa ló dá ìjà náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Etí rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sì ni ohùn ìyá wa tó ti dolóògbé kù sí, níbi tó ti ń lé orin fún ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fìdítì. Nígbà tí orin náà parí, ó sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n rédíò kékeré tó wà nílé kò lágbára tó láti gbé e jáde. Ó kàn ń kùn ni. Bàbá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kí etí òun tó dí pátápátá.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni èmi àti àbúrò mi tó ń gbé Ìlọrà ń ṣe jẹun. Nítorí pé bàbá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa bínú, ó pè mí sí kọ̀rọ̀ pé kí n ṣe ampilifáyà tí yóò gbé ohùn náà sókè fún òun, ó sì pe àbúrò mi náà sí kọ̀rọ̀. Bí a ṣe pàdé ní pálọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan nìyẹn, kálukú pẹ̀lú àpótí tirẹ̀.

Tíránsísítọ̀ ńláńlá ni mo fi ṣe tèmi, irú èyí tí iná máa ń gba inú rẹ̀ kọjá yálà orin wà tàbí kò sí. Ó wúwo, ó máa ń gbóná, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á dà bíi pé ẹni náà jókòó tì ọ́. Áísí kan ṣoṣo, èérún ẹ̀rọ tí kò ju bisikíìtì lọ, ni àbúrò mi lò. Ó ní ààrò ni mo rù wá, pé iná ìjọba kò lè gbé e. Mo ní tirẹ̀ ń ránmú. Inú mi ru, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́.

Bàbá ní méjèèjì dára. Mo so tèmi mọ́ sípíkà méjì tó wà nílẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ kìíní kò tíì parí tí àbúrò mi fa wáyà mi yọ kó lè so tirẹ̀. Wáyà kan ara wọn, èéfín rú jáde nínú tèmi, ó jóná.

Mo fọ́ ọ létí. Ó fi orí kàn mí nímú, ẹ̀jẹ̀ bò mí láyà. Mo gbé e lu tábìlì, gíláàsì fọ́ lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì fún un lọ́rùn. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ kó kú. Ó gé mi lọ́wọ́ jẹ. Sípíkà kan ya. Bàbá ń fi ọ̀pá lù wá, a ò gbọ́.

Ó sọ ọ̀pá sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ pa ara yín tán, kẹ́ ẹ wá so èyí tó kù fún mi.”

Àbúrò mi so tirẹ̀ mọ́ sípíkà tó kù, orin tún bẹ̀rẹ̀. Orin parí. Ohùn ìyá wa jáde látọ̀nà jíjìn, ó dá ṣáká: “Ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ̀ ń jà lábẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ jẹ́ ká délé ná.”

Àbúrò mi bojú. Bàbá, tó ti gbé etí lé sípíkà, yíjú sí mi.

“Kí ló wí?”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ẹnu tí ẹ̀jẹ̀ kún ké ọ̀rọ̀ ìyá wa sí i létí.