Búlúù tó wà lábẹ́ pákó ìjókòó

Ẹ gbà mí o, ìgbà kejì rèé tí Bàbá Alága dá fídíò mi padà lónìí!

Fídíò ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi wa ní Zion Pepe ni. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbé e jáde, ara mi ò sì balẹ̀ rárá.

Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní etí lógò àwọn, àmì ẹgbẹ́ tó wà nínú fídíò náà, rí jákujàku. Òótọ́ ni. Mo tún un yà, ó mọ́ tónítóní. Àwọ̀ ńkọ́? Mo sáré lọ sétí omi, mo ya fọ́tò ọkọ̀ wọn, mo mú búlúù ara rẹ̀, mo fi kun lógò náà. Ṣé mi ò gbọ́n ni?

Bàbá wò ó létí omi níbẹ̀, wọ́n mirí.

"Èyí kì í ṣe tiwa."

"Bàbá, ara ọkọ̀ yín gan-an ni mo ti mú un!"

"Oòrùn àti omi iyọ̀ ti jẹ tara ọkọ̀. Búlúù wa làwọn ará ilé fi ń dá wa mọ̀ látòkèèrè. Ṣé èyí tó ti ṣá yìí lo fẹ́ kí wọ́n máa wò?"

Ni wọ́n bá wọnú ọkọ̀, wọ́n ṣí pákó ìjókòó sókè. Búlúù abẹ́ rẹ̀ ń dán, ó dúdú bí aró, àfi bíi pé àná ni wọ́n kùn ún.

Orí pákó yẹn ni mo máa ń jókòó sí lọ sọ́jà. Àṣé mo ti ń jókòó lé àwọ̀ tí mò ń wá kiri!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fídíò, ó ti ṣe yín rí àbí èmi nìkan ni? Ẹ sọ̀rọ̀ o, ojú ń tì mí.