Ọjọ́ Tí Àyà Sìfáwù Dákẹ́

Ọjọ́ tí àyà Sìfáwù dákẹ́, ọpẹ́ la dá nínú agboolé wa ní Bẹyẹrunkà. Ìyálé ẹ̀ dín àkàrà, ó fi ṣe sàráà.

Ilẹ̀kùn kan wà nínú ọkàn èèyàn tó máa ń ṣí, tó máa ń pa dé. Ti Sìfáwù ti bàjẹ́ láti kékeré. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni wọ́n gbé e lọ sí Ìlú Ọba, tí wọ́n fi tuntun sí i: àgò irin kékeré tí bọ́ọ̀lù ń lọ sókè sódò nínú ẹ̀. Tí yàrá bá pa rọ́rọ́, ẹ ó gbọ́ ọ, kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Ìyálé ẹ̀ a ní, “Ìyàwó, aago àyà ẹ yìí, ṣé kì í sinmi ni?”

Sìfáwù a ní, “Ẹ ṣáà máa fi mọ àsìkò ìrun, ìyálé mi.”

Èmi Ìyá Ràfíù, ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ni mò ń nù ní ilé ìwòsàn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láì jí aláìsàn. Mi ò mọ oògùn. Ṣùgbọ́n aṣọ iṣẹ́ mi funfun, nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń pè mí nílé. Mi ò jiyàn. Ó dùn mọ́ mi.

Sìfáwù ní oògùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ irin yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń run orín, itọ́ tó tu sílẹ̀ pọ́n.

“Ìyá Ràfíù, ẹ wò ó. Ṣé oògùn yẹn kọ́ ló ń fà á?”

“Òun ni. Fi í sílẹ̀ ná, kí ẹ̀jẹ̀ náà dá.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tí mo ń wé gèlè mi lọ síbi iṣẹ́.

Ó fi oògùn náà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá lóòótọ́, kò sì lò ó mọ́. Nígbà tó yá, ariwo àyà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi òwú dí i. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. A ní ara ẹ̀ ti gba irin náà. Ìdí àkàrà nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láì mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé e, ó gbọ́, ó tún gbọ́. Wọ́n gbé e síwájú ẹ̀rọ tó ń wo inú: bọ́ọ̀lù náà kò fẹ́ẹ̀ mira mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti dì yí i ká.

“Ta ló ní kó o má lo oògùn mọ́?”

Mo dúró sídìí bẹ́ẹ̀dì. Sìfáwù kò wo ibi tí mo wà. Ó dá dókítà lóhùn:

“Èmi ni, sà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.”

Kí wọ́n tó kí ìrun àsárì, Sìfáwù ti jáde láyé.

Ìyá ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo ní kò tọ́pẹ́. Mo nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyá náà ti kú báyìí. Ìwọ ọmọ mi tó ń kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fún mi, má kọ pé Sìfáwù ló dá oògùn ẹ̀ dúró. Kọ ọ́ pé èmi ni mo ní kó fi í sílẹ̀.