Ìkòkò Aró Tí Mo Bá Du Ìyàwó Mi ní Pobè

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ sì lè máa rẹ́rìn-ín lọ, kò kàn mí: ìkòkò ni mo jowú ní Pobè. Kì í ṣe ọkùnrin o. Ìkòkò amọ̀ ni, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lahọ́n, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́ ní Ìlaròó lẹ́yìn tí mo kúrò nílé ìwé. Nígbà tó yá, télọ̀ pọ̀ nílùú ju aṣọ lọ. Bí ẹ bá ju òkúta, orí télọ̀ ni yóò bà. Ni ará ilé wa kan bá ní kí n kọjá sọ́dọ̀ Faransé, pé ọkọ̀ ojú irin ti dé Pobè, pé àwọn olówó epo ibẹ̀ ń wá ẹni tí yóò rán aṣọ fún wọn. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rù, Abẹ́ní ìyàwó mi pọn ọmọ wa kékeré, Jídé àkọ́bí wa ń rìn níwájú, a dojú kọ ààlà.

Ọmọ aláró ni Abẹ́ní, Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí. Elú ló dì sínú àpò, ìyẹn ewé aró tí wọ́n ti gún, tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n sá gbẹ. Mo bi í pé, "Ìyá Jídé, kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣebí èmi ni mò ń lọ ṣiṣẹ́."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó bá wa lọ, kò kúkú ní bèèrè oúnjẹ."

Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ní Pobè jẹ́ akọ̀wé kan ní gáà, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí. Ó ní òun fẹ́ pàntàlóń, ìyẹn ṣòkòtò gígùn àwọn Faransé. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣe rán an: ó fẹ̀ nítan, ó parí sórí orúnkún. Ó wọ̀ ọ́, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá télọ̀, ṣé ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́ sọ mí dà ni?" Gbogbo gáà gbọ́. Láti ọjọ́ náà, eṣinṣin nìkan ló ń bà lé ẹ̀rọ mi.

Abẹ́ní ní tirẹ̀ ti ri ìkòkò mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin Issaba, ìlú kan nítòsí wa, fi ń ru kíjìpá funfun wá kó bá wọn pa á láró. Wọn á kọjá níwájú ẹ̀rọ mi, wọn á ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ọkọ aláró! Ìyá wa dà?" Èmi tí mo mọ̀wé! Ọkọ aláró!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Wọn á da eérú sínú ajere, ìkòkò tí wọ́n lu nídìí. Wọn á bu omi sí i, omi eérú á máa kán tó, tó. Aláró á fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Bó bá ta á lẹ́nu, ó dáa nìyẹn. Wọn á dà á lé elú lórí nínú ìkòkò, wọn á dé e, wọn á sì máa retí kó mí, ìyẹn kí ìfófó ru sókè. Títí yóò fi mí, ẹnikẹ́ni kì í jà nítòsí rẹ̀, ọkùnrin kì í sì í yọjú síbẹ̀.

Láràárọ̀ ni Abẹ́ní ń jí kí ìkòkò kó tó kí mi. Yóò tẹ̀ ba, yóò gbé etí lé e lẹ́nu. Ǹjẹ́ ó ti gbé etí lé àyà mi rí?

Ìyá Sàrátù, oníṣòwò aṣọ láti Sakété, wá kó ẹrù aṣọ funfun fún un. Bí èyí bá dára, Abẹ́ní ni yóò máa pa gbogbo aṣọ rẹ̀ láró nìyẹn. Èmi ní, "Bí kò bá dára ńkọ́? Ká padà sí Ìlaròó."

Abẹ́ní wò mí. "Ó dáa. Bí ìkòkò yìí bá kú, tí kò mí, a ó padà."

Ìkòkò kú lóòótọ́! Aṣọ tí Abẹ́ní kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́ jáde bí ẹni fi omi lásán ṣan án. Ìyá Sàrátù wọkọ̀ ojú irin wá wò ó, ó káwọ́ lérí.

"Ta ló ń jowú nínú ilé yìí?"

Ojú gbogbo obìnrin tó kó aṣọ wá yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Mi ò fọwọ́ kàn án o!"

"Ta ló ní o fọwọ́ kàn án? Ojú lo fi ń wò ó."

Abẹ́ní tọ́ omi eérú wò, ó tutọ́ dànù. "Kò ta mí lẹ́nu, ìyá. Eérú ọjà ni, iyanrìn ti wọ̀ ọ́." Ó lọ jó igi fúnra rẹ̀, ó sẹ́ omi mìíràn, ó dà á sí i.

Ìyá Sàrátù ní, "Tìẹ nìyẹn. Ti ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹni tó bá ń jowú ìkòkò ni yóò kúnlẹ̀ kì í."

"Ìyá, ṣebí mùsùlùmí ni yín?"

"Mùsùlùmí ni mí, aṣọ mi sì wà nílẹ̀ yìí. Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ẹ rántí pé inú mi ń fẹ́ kó kú pátápátá ká lè máa lọ ilé. Mo la ẹnu, ohun tó wà nínú mi ló jáde:

"Ìkòkò, adúmáadán, ọlọ́rùn gígùn, ìwọ tí aya mi ń jí kí kó tó kí mi! Ìwọ ń jẹ eérú, wọ́n ń gẹ̀ ọ́. Èmi ń jẹ iyán, wọ́n ń fò mí dá. Bó bá wù ọ́, mí. Bó bá wù ọ́, kú. Ṣùgbọ́n yọ̀ǹda ojú rẹ̀ díẹ̀ fún mi."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Abẹ́ní nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dé ìkòkò, ó wọlé lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dùbúlẹ̀, mò ń retí ìró ọmọrí ìkòkò. N kò gbọ́ ọ. Abẹ́ní ni mo rí tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi.

"Ẹ ò jí ire bí, Bàbá Jídé?"

"Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Rárá. Ẹ dìde ká jọ lọ."

Mo ní ọkùnrin kì í yọjú síbẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ti kúnlẹ̀ fún un ti di ará ilé rẹ̀." Ó ṣí i. Ìfófó ti ru dé ẹnu, ó ń ṣe ṣùù, ṣùù, bí ọmọ tó sùn yó. Ìlaròó ti lọ nìyẹn! Inú bí mi, inú mi sì tún dùn. N kò tíì mọ èyí tí mo fẹ́ sọ tí Abẹ́ní fi gbá ọwọ́ mi mú, tó tì í bọ inú aró dé ọrùn ọwọ́.

"Kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni yín," ló wí.

Télọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti di aró kò lè fọwọ́ kan aṣọ funfun. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi ga, mò ń na ọwọ́ náà sókè kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, títí kan àwọn tí n kò mọ̀ rí.